Kí Ló Ń Gbé Fídíò Káyé? Àgbéyẹ̀wò Ìdáhùn Márùn-ún

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ẹgbẹ́ oníjó kan láti Àngólà, Fenómenos do Semba, gbé fídíò kan sórí ayélujára. Àwo oúnjẹ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń jẹun, ẹsẹ̀ wọn sì ń bá orin Jerusalema ti Master KG, ọmọ South Africa, lọ ní ọgbọọgba. Orin náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti ọdún 2019 ló ti jáde. Ṣùgbọ́n kí ọdún 2020 tó parí, ijó náà ti wọ ilé ìwòsàn, àgọ́ ọlọ́pàá àti ọgbà ilé ìwé káàkiri Áfíríkà àti Yúróòpù. Ààrẹ Cyril Ramaphosa pàápàá rọ àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ pé kí wọ́n jó o ní Ọjọ́ Àjogúnbá wọn nínú oṣù Kẹsàn-án.

Kí ló gbé ijó náà káyé? Àwọn kan á ní orin náà dùn ni. Àwọn mìíràn á ní àfarawé ni, pé ohun tí ọ̀rẹ́ ẹni ń ṣe ló ń wu ẹni í ṣe. Àwọn kan gbà pé ètò tó ń yan fídíò fún wa lórí ìkànnì ló ṣiṣẹ́ náà, àwọn kan ní owó ló wà nídìí ẹ̀, àwọn yòókù sì ní oríire ni. Ìdáhùn márààrún ló ní ẹ̀rí lẹ́yìn, kò sì sí èyí tó dá ẹjọ́ náà tán. Àgbéyẹ̀wò yìí tò wọ́n sí ẹsẹẹsẹ, ó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti lágbára àti ibi tó kù sí. Ọ̀rọ̀ náà ju ti ijó lọ. Ọ̀nà tí ijó ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa náà ni irọ́ ń gbà, òun ni ìkìlọ̀ lórí àìsàn ń gbà, òun náà sì ni ẹ̀rí ìwà ìkà àwọn agbófinró ń gbà.

Bí àwọn ìkànnì ṣe ń yí padà

Nígbà tí YouTube bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, ẹni tó bá fẹ́ wo fídíò ló ń wá a lọ, tàbí kí ọ̀rẹ́ kan júwe rẹ̀ fún un. Ní 2006, Facebook gbé News Feed jáde: ohun tí àwọn ojúlùmọ̀ èèyàn bá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a níbi tó jókòó sí. Ní 2012, YouTube yí ìwọ̀n tó fi ń dábàá fídíò padà. Kì í tún ṣe iye èèyàn tó tẹ fídíò nìkan ló ń kà mọ́, ó ń wo bí wọ́n ṣe pẹ́ tó nídìí rẹ̀. Vine dé ní 2013 pẹ̀lú fídíò tí kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 6 lọ. Ní 2016, Twitter tó ni ín kéde pé òun máa tì í pa. Ní oṣù Kẹjọ 2018, ilé-iṣẹ́ ByteDance ti ilẹ̀ Ṣáínà da Musical.ly pọ̀ mọ́ TikTok. Íńdíà fòfin de TikTok ní ìparí oṣù Kẹfà 2020. Kí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà tó parí, Instagram ti gbé Reels jáde, YouTube sì ti bẹ̀rẹ̀ Shorts ní Íńdíà gan-an.

Nínú gbogbo èyí, ìyípadà kan ló tóbi jù. Tẹ́lẹ̀, àwọn tí èèyàn yàn láti tẹ̀ lé ló ń pinnu ohun tó máa rí. Lórí TikTok, ẹni tí kò ní olùtẹ̀lé kankan lè gbé fídíò sílẹ̀ lálẹ́, kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti wò ó kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé ètò ìṣirò ìkànnì, ìyẹn algorithm, ló ń yan ohun tó máa kan ojú olúkúlùkù. Àárín ìyípadà yìí ni àwọn èrò márùn-ún náà ti ń jiyàn.

Èrò kìíní: inú fídíò fúnra rẹ̀ ni agbára wà

Àwọn tó di èrò yìí mú gbà pé ọjà tó bá dára, ara rẹ̀ ló máa tà. Jonah Berger àti Katherine Milkman ti Yunifásítì Pennsylvania ló fún un ní ẹ̀rí tí àwọn èèyàn ń tọ́ka sí jù. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, wọ́n yẹ nǹkan bí 7,000 àpilẹ̀kọ inú ìwé ìròyìn New York Times wò, láti mọ èyí tí àwọn òǹkàwé ń fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn jù. Ohun tó bá ta ara èèyàn jí ló ń rìn: ìyanu, ìbínú àti ìpayà. Ìbànújẹ́, tó máa ń mú kí ara èèyàn wálẹ̀, kì í rìn tó bẹ́ẹ̀.

Fídíò kan tó ti Ajángbàdì l'Ékòó jáde ní oṣù Kẹfà 2020 bá èrò yìí mu. Ọmọkùnrin kan láti Leap of Dance Academy ń jó ballet nínú òjò láìwọ bàtà, lórí kọnkéré tó ti fọ́, omi sì ń ta sókè bó ṣe ń yí. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó nílò ògbufọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn gbajúmọ̀ oníjó ní òkè òkun, àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì tẹ̀ lé e.

Agbára èrò yìí ni pé ó bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe fídíò. Ó sì jẹ́ kí a lóye ìdí tí ìbínú fi máa ń yára ju ìròyìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ. Àmọ́ ó ní àbùkù méjì. Àkọ́kọ́, ẹ̀yìn tí fídíò bá ti gbòde kan tán la sábà máa ń sọ ohun tó dára nínú rẹ̀; a kì í wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó dára bẹ́ẹ̀ tí kò lọ síbì kan. Èkejì, kò lè sọ ìdí tí Jerusalema fi jókòó jẹ́ẹ́ ní 2019, tó sì wá gbalẹ̀ ní 2020, nígbà tí orin náà kò yí padà.

Èrò kejì: àwọn èèyàn ló ń gbé e fún ara wọn

Èrò yìí ní kí a yéé wo fídíò, kí a wo okùn tó so àwọn èèyàn pọ̀. Ìpèníjà omi yìnyín ọdún 2014 ni àpẹẹrẹ tó tóbi jù. Ẹni tó bá gbà á á da garawa omi yìnyín sórí ara rẹ̀ níwájú kámẹ́rà, á dárúkọ àwọn ẹlòmíràn, á sì fún wọn ní wákàtí 24 láti ṣe tiwọn tàbí kí wọ́n fowó ṣètọrẹ. Pete Frates àti Pat Quinn, tí àìsàn ALS ń bá fínra, wà lára àwọn tó tì í síwájú. Àìsàn náà ń ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí iṣan ara jẹ́. Agbára ìpèníjà náà wà nínú orúkọ tí wọ́n ń pè. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ ní gbangba, ojú á tì í bí kò bá dáhùn. Owó tó wọlé fún ẹgbẹ́ ALS Association ní Amẹ́ríkà tó mílíọ̀nù 115 dọ́là, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti náwó sí ìwádìí tó tọ́ka sí àbùdá kan tó ń jẹ́ NEK1 ní 2016.

Fídíò Kony 2012, tó ń pè fún mímú Joseph Kony, olórí ọlọ̀tẹ̀ ní Uganda, náà ní irú okùn bẹ́ẹ̀. Ó jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2012, ó gùn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, síbẹ̀ nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 100 ni wọ́n wò ó láàárín ọjọ́ 6. Ẹgbẹ́ tó ṣe é, Invisible Children, ti ń lọ bá àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ìwé àti ilé ìjọsìn ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gbé e kiri.

Àwọn tó ń ta ko èrò yìí ní ẹ̀rí tó wúwo. Sharad Goel, Duncan Watts àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn yẹ nǹkan bí bílíọ̀nù kan ìtànkálẹ̀ wò lórí Twitter, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Ìtànkálẹ̀ láti ọwọ́ dé ọwọ́, bí àìsàn ṣe ń ràn, ṣọ̀wọ́n gan-an. Ohun púpọ̀ tó di ńlá, ẹnì kan tó ní olùtẹ̀lé rẹpẹtẹ ló fọn ọ́n síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣòro mìíràn ni pé pípín fídíò àti ṣíṣe ohun tó ní kí a ṣe kì í ṣe ọ̀kan náà. Alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin 2012, tí Kony 2012 pe àwọn èèyàn sí òpópónà, àwọn díẹ̀ ló jáde. Teju Cole, òǹkọ̀wé tó dàgbà ní Èkó, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé irú ìpolongo bẹ́ẹ̀ ń tu ọkàn àwọn olùwòran nínú ju bó ṣe ń tẹ́tí sí àwọn ọmọ Áfíríkà lọ.

Síbẹ̀, a kò lè yọ ọwọ́ èèyàn kúrò. Ìwádìí Soroush Vosoughi, Deb Roy àti Sinan Aral, tó jáde ní 2018, wo nǹkan bí 126,000 ìtànkálẹ̀ ìròyìn lórí Twitter láti 2006 dé 2017. Irọ́ ń dé ọ̀dọ̀ èèyàn 1,500 ní ìlọ́po 6 ìyára òtítọ́, àwọn èèyàn gidi ló sì ń gbé e, kì í ṣe àwọn ẹ̀rọ tó ń díbọ́n bí èèyàn. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lórí ayélujára, ohun tí irọ́ bà jẹ́ kí òtítọ́ tó dé ló yẹ kó ká wa lára.

Èrò kẹta: ìkànnì ló ń darí gbogbo rẹ̀

Èrò yìí ló gbilẹ̀ jù lónìí. Ó ní bí ìkànnì bá yí òfin rẹ̀ padà, ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe á yí padà tẹ̀ lé e. Ẹ wo àwọn aláwàdà wa. Nígbà tí Instagram kọ́kọ́ gba fídíò láàyè ní 2013, ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni. Ní 2016, ó sọ ọ́ di 60. Inú ìṣẹ́jú kan yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ iṣẹ́. Kò sí àyè fún ìfáàrà, nítorí náà ìjà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí fídíò tó ṣí. Kò sí àyè láti ṣàlàyé ẹni tí olúkúlùkù jẹ́, nítorí náà Taaooma á wé gèlè, ó ti di ìyá nìyẹn. Á tú u, ó ti di ọmọ tí ìyá ń lé kiri. Mr Macaroni náà ní gbólóhùn kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé kó tó wí ohun mìíràn, olùwòran ti mọ irú bàbá tó jẹ́. Ẹ̀bùn tiwọn ni, àmọ́ ìkànnì ló ge aṣọ náà sí ìwọ̀n.

Ẹ̀rí mìíràn wá láti inú Facebook. Àwọn ìwé abẹ́lé tí Frances Haugen, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, tú síta ní 2021 fi hàn pé láti 2017, ètò ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà ka àmì ìbínú sí ìlọ́po 5 láìkì kan, kí wọ́n tó wá dín in kù díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di òfo ní 2020. Nígbà yẹn, ohun tó bá bí èèyàn nínú ń gba ìwé àṣẹ ìrìnnà tí ohun tí wọ́n kàn tẹ láìkì sí kò rí gbà. WhatsApp fi apá kejì hàn. Ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà tí irọ́ nípa àrùn kòrónà ń jà ràn-ìn, ó ní iṣẹ́ tó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni kan tàbí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo la lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Ilé-iṣẹ́ náà ròyìn pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dín kù ní ìdá 70 nínú 100. Àtúnṣe kékeré lórí bọ́tìnì kan ló ṣe ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìkànnì kì í ṣe ọba tí kò sí ẹni tó lè mú un. Instagram fi gbogbo agbára ti IGTV fún fídíò gígùn síwájú ní 2018. Àwọn èèyàn kò gbà á, ó sì pa orúkọ náà rẹ́ ní 2021. Lórí WhatsApp, kò sí algorithm tó ń yan fídíò fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ fídíò ń ti Ìbàdàn dé London kí ìyálẹ̀ta tó pé. Bákan náà, nínú ìwádìí tí àwọn onímọ̀ bá Meta, tó ni Facebook àti Instagram, ṣe nígbà ìdìbò Amẹ́ríkà 2020, tó jáde ní 2023, wọ́n mú algorithm kúrò fún àwọn olùlò kan fún oṣù 3, wọ́n sì ń to ọ̀rọ̀ fún wọn bó ṣe ń wọlé. Àkókò tí wọ́n ń lò níbẹ̀ dín kù púpọ̀, àmọ́ èrò wọn nípa òṣèlú kò yí padà lọ́nà tó ṣeé tọ́ka sí. Ìkànnì lágbára lórí ohun tí ojú ń rí. Kò tíì dájú pé ó lágbára bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí ọkàn gbà.

Èrò kẹrin: owó ló wà nídìí ẹ̀

Harlem Shake, ijó tí wọ́n ń fi orin Baauer jó, ni ẹ̀rí tí àwọn tó ń sọ èyí fẹ́ràn jù. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Queensland, ní Australia, ló jẹ́ kí ijó náà gba irú tí gbogbo ayé mọ̀ ní oṣù Kejì 2013. Òǹkọ̀wé Kevin Ashton ṣàlàyé nígbà náà pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi fídíò ṣòwò, bíi Maker Studios ní Los Angeles, ni wọ́n sọ ọ́ di ìjì. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Billboard bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwòran YouTube mọ́ ohun tó fi ń to orin, orin Baauer náà sì já sí ipò kìíní lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2023, Forbes tú u síta pé àwọn òṣìṣẹ́ TikTok ní bọ́tìnì kan tí wọ́n fi ń ti fídíò tí wọ́n bá yàn síwájú. Ilé-iṣẹ́ náà kò sẹ́ ẹ.

Èrò yìí ló ń béèrè ẹni tó ń kórè. Ijó Renegade, Jalaiah Harmon, ọmọ ọdún 14 ní Georgia, ló dá a sílẹ̀ ní 2019. Àwọn mìíràn ti fi di olókìkí kí New York Times tó dárúkọ rẹ̀ ní oṣù Kejì 2020. Ọ̀rọ̀ Jerusalema náà dé ilé owó: ní 2021, Warner Music béèrè owó ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn àjọ tó ti jó o sórí ayélujára ní Jámánì, Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé ìpínlẹ̀ North Rhine-Westphalia sì wà lára àwọn tó san án.

Ibi tó kù sí ni pé owó sábà máa ń dé lẹ́yìn tí iná ti ràn. Ó lè fẹ́ iná. Kì í sábà dá a. Bí owó bá tó láti sọ fídíò di àgbéká, kò yẹ kí ìpolówó olówó gọbọi kankan kú sílẹ̀, àmọ́ wọ́n ń kú lójoojúmọ́.

Èrò karùn-ún: oríire ni

Ní 2006, Matthew Salganik, Peter Dodds àti Duncan Watts kó èèyàn tó lé ní 14,000 jọ sórí ìkànnì kan tí orin 48 wà, orin àwọn olórin tí kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n. Àwọn kan ń yan orin láìmọ ohun tí ẹlòmíràn yàn. Wọ́n pín àwọn yòókù sí ayé 8 tí kò mọ ara wọn, tí olúkúlùkù sì ń rí iye èèyàn tó ti gba orin kọ̀ọ̀kan nínú ayé tirẹ̀. Orin tó gbajúmọ̀ nínú ayé kan lè má rí ẹni wò ó nínú òmíràn. Orin tó dára gan-an kì í sábà já kulẹ̀ pátápátá, èyí tó burú gan-an kì í sábà borí. Àárín méjèèjì, ohun gbogbo ló lè ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ṣáájú díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ni àwọn tó kù ń wọ́ tẹ̀ lé.

Èrò yìí ló ń rẹ àwọn amòye sílẹ̀, ìyẹn sì dára. Àmọ́ ó ní ewu. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ oríire, kò sí ẹni tí a lè béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì ṣàlàyé àwọn tó ń ṣe é léraléra. Àwọn Ikorodu Bois, tí wọ́n ń fi ohun èlò inú ilé ṣe àfarawé fíìmù Hollywood bí ẹni ń lo ẹ̀rọ olówó ńlá, kò ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà ni Netflix rán ohun èlò iṣẹ́ sí wọn ní 2020.

Ibi tí àwọn èrò náà ti pàdé

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn èrò márààrún wo EndSARS, ìwọ́de lòdì sí ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹwàá 2020, fídíò kan tó ti Ughelli ní ìpínlẹ̀ Delta jáde tan ìbínú ká: agbára inú fídíò nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń pín ìrírí wọn lábẹ́ àmì yẹn láti 2017 wà nílẹ̀: okùn tó so èèyàn pọ̀ nìyẹn. Láàárín ìwọ́de náà, ètò Facebook àti Instagram ṣèèṣì lẹ àmì ìròyìn irọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì: ọwọ́ ìkànnì nìyẹn. Àwọn èèyàn dá owó jọ fún oúnjẹ, ìtọ́jú àti agbẹjọ́rò: owó nìyẹn, àmọ́ ẹ̀yìn tí iná ti ràn ló dé. Kò sì sí ẹni tó lè sọ dájú ìdí tí ọ̀pọ̀ fídíò tó jọ ọ́ ṣáájú kò fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé ìpele ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù ń wò. Oríire àti ohun inú fídíò lágbára jù níbẹ̀rẹ̀, okùn àwọn èèyàn lágbára jù ní kété tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, owó máa ń dé nígbà tó bá ti ń hó. Ìkànnì nìkan ló wà ní gbogbo ìpele, nítorí òun ló ní ojú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ń dojú kọ ọ́, yálà lọ́nà tó tọ́ tàbí lọ́nà tí kò tọ́. Nàìjíríà ti Twitter pa láti oṣù Kẹfà 2021 di oṣù Kìíní 2022, ó sì fi ìyà jẹ olódodo àti òpùrọ́ bákan náà. Òfin Yúróòpù, láti oṣù Kẹjọ 2023, ní kí àwọn ìkànnì ńlá fún olùlò ní ọ̀nà kan, ó kéré tán, láti rí ọ̀rọ̀ láìlo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìkíní ni ìwọ̀n. Facebook ti máa ń ka ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí ìwòran kan tẹ́lẹ̀; láti oṣù Kẹta 2025, YouTube ń ka Shorts ní kété tó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2016, Facebook gbà pé òun ti fi àkókò tí àwọn èèyàn ń lò nídìí fídíò han àwọn olùpolówó kọjá bó ṣe rí fún ọdún 2. Títí tí ìwọ̀n kan yóò fi wà, a ò lè fi ìkànnì kan wé òmíràn.

Èkejì ni ìwé àkọsílẹ̀. Twitter ti ọ̀nà ọ̀fẹ́ tí àwọn olùwádìí ń gbà wọlé pa ní 2023, Meta sì pa CrowdTangle, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tọpa ohun tó ń tàn kálẹ̀ lórí ìkànnì rẹ̀, ní oṣù Kẹjọ 2024. Àwọn tó lè dá ẹjọ́ láàárín èrò márùn-ún yìí kò rí ìwé tó pọ̀ tó láti kà mọ́.

Ẹ̀kẹta ni ààbò àwọn ọmọdé. Ní oṣù Kìíní 2021, lẹ́yìn ikú ọmọ ọdún 10 kan ní Palermo tí wọ́n so mọ́ ìpèníjà fífún ara ẹni lọ́rùn, Ítálì ní kí TikTok dí ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò dájú. Ní oṣù Kẹjọ 2024, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà ní fídíò tí algorithm bá gbé fún ọmọ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkànnì fúnra rẹ̀. Bí àwọn ilé ẹjọ́ tó kù á ṣe gbà á, a kò tíì rí i.

Ẹ̀kẹrin kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú ìwádìí tí a tọ́ka sí níbí, inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, lórí àwọn olùlò ìkànnì Amẹ́ríkà. Ṣé bí ìbínú ṣe ń rìn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ló ń rìn ní Yorùbá? Ṣé fídíò tí ìyá kan fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìjọ lórí WhatsApp ń gba ọ̀nà tí ti TikTok ń gbà? Ó tó àkókò kí àwọn yunifásítì wa gbé ìbéèrè yìí sórí tábìlì fúnra wọn, kí wọ́n sì béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìkànnì fún un.